Láti Ẹnu Akéde dé Ojú Fóònù: Bí Ilé Ìkàwé Ṣe ń Pe Èèyàn

Bí ilé ìkàwé kan bá gbé àwòrán ìwé tuntun sórí Facebook lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò rò pé àṣà tuntun ló dé. Kì í ṣe tuntun rárá. Ó ti pẹ́ tí ilé ìkàwé ti ń wá ẹni tí yóò bá a kéde ara rẹ̀, nítorí àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ohun tó ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà ni irú akéde tí ilé ìkàwé ń rán níṣẹ́ àti irú èèyàn tí akéde náà ń pè.

Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ tẹ̀lé akéde náà láti Abẹ́òkúta dé Èkó, kí a sì bá a dé Ògùdù níbi tí àwọn kan nínú wa ń gbé. Èrò wa ni pé iṣẹ́ méjì ni ilé ìkàwé ní láti ṣe lórí sósà mídíà. Èkíní ni pé kí ó fi pe èèyàn wọlé. Èkejì ni pé kí ó tọ́jú ohun tí àwọn èèyàn ń sọ níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àkọ́kọ́. Èkejì ni a sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ni ìtàn ń tẹnu mọ́ jù.

Akéde ti wà kí ilé ìkàwé tó dé

Láyé àtijọ́, bí ọba bá fẹ́ kí ìlú gbọ́ nǹkan, akéde ni yóò mú agogo, yóò sì máa lù ú kiri àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun mẹ́ta nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń lọ bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n wà, kò dúró sí ààfin kí wọ́n wá bá òun. Èdè tí wọ́n gbọ́ ló ń sọ. Kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó tẹ́tí sí i. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára iṣẹ́ náà: bí akéde bá ti kọjá, ohùn rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn, àfi ohun tí etí bá gbà tí ọkàn sì pa mọ́.

Ìwé títẹ̀ ló kọ́kọ́ wá oògùn sí àléébù yìí. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1859, Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra ló ń jáde, 120 owó ẹyọ sì ni wọ́n ń tà á. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1860. Nígbà tí rògbòdìyàn ọdún 1867 lé àwọn Òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn náà kú. Síbẹ̀, ohun tó ti kéde kò bá a kú, nítorí pé ó wà nínú ìwé, àwọn kan sì pa ìwé náà mọ́.

Nígbà tó di ọdún 1920 sí 1930, àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ti pọ̀ ní Èkó. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gba orúkọ akéde gan-an: Akéde Èkó, tí Isaac Babalọlá Thomas ń tẹ̀ jáde. Gbogbo wa tí a ti kọ́ nípa ìtàn àròsọ Yorùbá la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Láàárín ọdún 1929 àti 1930, Thomas ń tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Ó ń ròyìn ayé rẹ̀ ní ìpín ìpín, àwọn òǹkàwé sì ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn náà láti sọ tẹnu wọn. Àwọn kan ń ṣàánú rẹ̀, àwọn kan ń fi í kọ́gbọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, ó sì sọ ọ́ di ìwé ní ọdún 1930.

Ẹni tó bá ti rí i bí àwọn èèyàn ṣe máa ń dá sí ọ̀rọ̀ lábẹ́ àtẹ̀jáde kan lórí Facebook yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òǹkọ̀wé sọ̀rọ̀ lónìí, òǹkàwé fèsì lọ́la, ọ̀rọ̀ sì ń gbèrú sí i. Báwo ni àwa tí a wà lónìí ṣe mọ ohun tí àwọn ará Èkó sọ ní 1929? Ìdí ni pé àwọn kan di ìwé ìròyìn náà jọ, wọ́n sì kó o sí ilé ìpamọ́. Èyí tí kò bá dé ilé ìpamọ́, àkàrà ni wọ́n fi pọ́n.

Ilé ìkàwé tí kò nílò akéde

Ní ọdún 1932, wọ́n dá Lagos Library sílẹ̀. Alan Burns, ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ìjọba amúnisìn, ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, Carnegie Corporation ti Amẹ́ríkà sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Ilé ìkàwé tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó sí ni. Àwọn Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú ìwọ̀nba ọmọ Èkó tó mọ̀wé tó sì rówó san. Irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ kò nílò akéde, nítorí àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìyá alájà ní Ìdúmọ̀tà kò gbọ́ agogo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lu agogo náà fún un.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ Èkó kò fẹ́ràn ìwé. Henry Carr, tí wọ́n bí ní 1863 tó sì kú ní 1945, kó ìwé tó tó nǹkan bí 18,000 jọ sínú ilé ara rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba ra àwọn ìwé náà, wọ́n sì wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé University College, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Ìfẹ́ ìwé wà nígbà náà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ British Council, ṣí ilé ìkàwé fún ará ìlú. Ní 1949, UNESCO kéde pé ilé ìkàwé gbogbogbò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti tọmọdé tàgbà, láìka ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn sí. Láti ọjọ́ 27, oṣù Keje sí ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 1953, àjọ náà kó àwọn onímọ̀ jọ sí Ìbàdàn láti jíròrò lórí bí ilé ìkàwé gbogbogbò yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Nínú ohun tó tẹ̀yìn ìpàdé náà jáde ni ilé ìkàwé àwòkọ́ṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Enugu, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń kó ìwé lọ bá àwọn ará ìlú àti abúlé. Ní tiwa níhìn-ín, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1955. Àwọn ọmọ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún náà ló di òǹkàwé lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ wo ọkọ̀ akówèé yẹn dáadáa. Akéde ni, ó kàn jẹ́ pé ó ní táyà ni. Ó kúrò ní ààfin, ó lọ bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n wà, kò sì gbowó. Ó tilẹ̀ ju akéde lọ ní ọ̀nà kan: bó ṣe ń kéde ìwé ló ń gbé ìwé náà dání.

Fóònù gba agogo

Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2001, ìpè fóònù alágbèéká ti GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Facebook dé ní 2004, Twitter ní 2006, WhatsApp ní 2009, Instagram ní 2010. Kí ó tó pẹ́, ibi tí àwọn èèyàn wà ti di ojú fóònù. Akéde tó bá fẹ́ ká ìlú kò lè ṣàìgba ibẹ̀ kọjá.

Iṣẹ́ tí ilé ìkàwé ń fi àwọn ìkànnì yìí ṣe kò le láti lóye. Ó ń fi sọ wákàtí tí ilẹ̀kùn ń ṣí àti ìgbà tó ń tì. Ó ń fi ẹ̀yìn ìwé tuntun hàn. Ó ń pe àwọn tó fẹ́ ṣe JAMB àti WAEC pé àyè wà fún wọn láti jókòó kàwé. Ó ń kó ẹgbẹ́ òǹkàwé jọ sórí WhatsApp, ó sì ń dáhùn ìbéèrè ẹni tí kò tí ì rí àyè wá. Nígbà tí ìjọba ti Èkó pa ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, tí kò sí ẹni tó lè jáde, orí ayélujára nìkan ni ilẹ̀kùn tó kù fún ilé ìkàwé tó bá ní i.

Àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ wa ni ti ọdún 2018. Báyọ̀dé Treasures-Olawunmi jókòó sí ilé ìkàwé kan ní Yábàá, ó sì ń ka ìwé sókè fún ọjọ́ márùn-ún gbáko kí ó lè borí ọmọ Nepal kan tó ti kà á fún wákàtí 113 àti ìṣẹ́jú 15 ní 2008. Ìwé kíkà kì í sábà di ohun tí èèyàn ń pé wò, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ gba orí ìkànnì kan, àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ìdí kankan láti ronú nípa ilé ìkàwé lọ́sẹ̀ náà sì ń bi ara wọn pé, “Ṣé ó ṣì ń kà á?”

Ìlú òkèèrè náà ní tiwọn. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2018, New York Public Library bẹ̀rẹ̀ sí í gbé odindi ìwé ìtàn sórí Instagram kí àwọn èèyàn lè máa kà á lórí fóònù wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó wù wá jù ni ti Orkney, àwọn erékùṣù kéékèèké kan ní àríwá Scotland. Láti 1683 ni ilé ìkàwé wọn ti wà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń kọ sórí Twitter sọ ọ́ di olókìkí débi pé àwọn tó ń tẹ̀lé e pọ̀ ju iye ará erékùṣù náà lọ. Síbẹ̀, wọn kò torí òkìkí yìí ta ọkọ̀ akówèé wọn. Ọkọ̀ náà ṣì ń gbé ìwé kiri, wọ́n tilẹ̀ fún un ní orúkọ ẹ̀fẹ̀: Booky McBookface. Ìkànnì ń pe èèyàn, ọkọ̀ ń gbé ìwé. Bí ìpolówó bá pọ̀ tí ọjà kò sí lórí igbá, ariwo lásán ni.

Láti Ògùdù dé Yábàá

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yìí wá sílé. Ògùdù wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, láàárín Ọjọ́ta àti Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣókí. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ fẹ́ lọ sí Herbert Macaulay Library ní Yábàá, tàbí ẹ̀ka National Library tó wà lójú ọ̀nà Herbert Macaulay kan náà. Yóò wọkọ̀ dé Ọjọ́ta, yóò bọ́ sí ọ̀nà Ìkòròdú, yóò kọjá Maryland, Palmgrove, Fádèyí àti Jíbówù kí ó tó dé. Ẹ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà yẹn. Bí ó bá débẹ̀ tí ó bá ilẹ̀kùn ní títì, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ti wọgbó. Ìlà kan ṣoṣo lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ náà, “A kò ní ṣí lónìí,” ì bá gbà á sílẹ̀. Àwọn tó ń rò pé eré ọmọdé ni sósà mídíà fún ilé ìkàwé kò tí ì wọ danfo láti Ògùdù lọ kàwé ní Yábàá.

Ẹ rántí ohun mẹ́ta tí a sọ nípa akéde. Ó ń lọ bá èèyàn níbi tí wọ́n wà: ìkànnì ṣe èyí, ó gba máàkì. Kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́: níhìn-ín ni wàhálà wà. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa máa ń dún létí bí ẹni pé wọ́n ń sọ pé “kò sọ́fẹ̀ẹ́”. Àwàdà wa ni ìyẹn, a kò sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé dátà kò sọ́fẹ̀ẹ́. Fídíò gígùn tí ilé ìkàwé gbé jáde lè jẹ owó oúnjẹ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ kúkúrú àti àwòrán kan tó fúyẹ́ sàn fún ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àtẹ̀jáde ilé ìkàwé tí àwa ń rí. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Mile 12 lè ní WhatsApp, kí ó ní ọmọ mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́, kí ó má sì mọ̀ láé pé ilé ìkàwé ń pe àwọn ọmọ náà. Ohun tó dùn mọ́ wa nínú WhatsApp ni pé èèyàn lè fi ohùn ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan ní èdè Yorùbá tó gbámúṣé, láti ẹnu òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, yóò ti ọwọ́ ìyá kan bọ́ sí ọwọ́ ìyá mìíràn títí yóò fi ká ọjà. Agogo akéde gan-an ló tún padà wá yẹn.

Ta ni yóò tọ́jú ọ̀rọ̀ Ọjọ́ta?

A dé ibi iṣẹ́ kejì. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà, ìdaṣẹ́sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ọgbà Gani Fawehinmi ní Ọjọ́ta, tí kò jìnnà sí Ògùdù, sì di ojúkò ìwọ́de ní Èkó. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbé páálí tí wọ́n kọ̀wé sí. Ohun tó mú kí ìwọ́de náà yàtọ̀ sí ti ìgbà àtijọ́ ni pé àwọn tó wà níbẹ̀ ń kọ ọ́ sórí Twitter àti Facebook bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 16, àwọn ológun gba ọgbà náà.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fẹ́ kọ ìtàn ọ̀sẹ̀ náà ní ọdún 2080, níbo ni yóò ti rí ohun tí àwọn èèyàn kọ? Òfin National Library ti ọdún 1970 sọ pé bí a bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé náà. Òfin tó dára ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ Twitter. Ní Amẹ́ríkà, Library of Congress gbà ní 2010 láti máa tọ́jú gbogbo ohun tí aráyé bá kọ sórí Twitter ní gbangba. Ẹrù náà wúwo fún un: láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ó ní ìwọ̀nba tí òun bá ṣà ni òun yóò máa kó pa mọ́. Bí ilé ìkàwé tó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá sọ pé apá òun kò ká a, ta ni yóò bá wa pa tiwa mọ́?

Ẹ má ṣe rò pé ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì yóò tọ́jú rẹ̀ fún wa. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2021, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, ọdún 2022. Fún oṣù méje, ilé ìkàwé ìjọba tó bá gbé gbogbo agogo rẹ̀ sórí ìkànnì kan yẹn kò lè lù ú. Ìkànnì lè yí orúkọ padà, bí Twitter ṣe di X ní 2023. Èèyàn lè pa ojú ìwé rẹ̀ rẹ́, fóònù lè bọ́ sómi. Akéde kì í ṣe ilé ìpamọ́.

Ṣùgbọ́n ìrètí wà. Archivi.ng, tí akọ̀ròyìn Fu'ad Lawal dá sílẹ̀, ń ya àwòrán àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà àtijọ́ kí ẹnikẹ́ni lè kà wọ́n lórí ayélujára, orí sósà mídíà sì ni ó ti ń fi ọ̀pọ̀ nínú wọn han aráyé. Ìwé ìròyìn àná ti di ohun tí à ń kà lórí fóònù. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ orí fóònù náà rí ọ̀nà padà sínú ilé ìkàwé. Kò di ìgbà tí a bá kó gbogbo rẹ̀. Ilé ìkàwé àdúgbò kan lè ṣa ohun tó kan àdúgbò rẹ̀, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ, kí ó sì dì í bí ìwé.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní ìpín tiwa níbẹ̀. A lè bá ilé ìkàwé tó wà nítòsí wa kọ ìkéde rẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn tó péye. A lè bá wọn ka ìkéde náà sínú fóònù fún àwọn tí kò mọ̀wé kà. A sì lè bẹ̀rẹ̀ ìkójọ kékeré kan fúnra wa, kí a tó lọ bẹ ilé ìkàwé kan pé kí ó gbà á lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní Ọjọ́ta lóṣù Kìíní ọdún 2012, tàbí tí ẹ kọ nǹkan nípa rẹ̀ lórí ìkànnì ní èdè Yorùbá, a ń fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín: ẹ wá a jáde. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ àti ibi tí ẹ wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ síbòmíràn yàtọ̀ sí orí fóònù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ti pa Akéde Èkó mọ́, àwa kì bá tí mọ orúkọ Sẹ̀gilọlá.